Àmín Inú Fóònù

Bí wọ́n bá ṣe ìdíje oorun láyé yìí, ẹnì kan wà tí wọn ò ní jẹ́ kó kópa, torí ìrẹ́jẹ gbáà ni yóò jẹ́ fáwọn yòókù. Tìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe: ó ń ki fóòmù sínú wọn, ó ń fi awọ bò wọ́n, ó sì ń rán ibùsùn. Ẹ wá wo ọgbọ́n! Ẹni tí oorun ń dà láàmú ló lọ kọ́ iṣẹ́ ibùsùn, àfi bí ológbò tó lọ gbaṣẹ́ ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Tó bá hanrun nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, páànù òrùlé á máa gbọ̀n rìrì, ajá òpópónà kejì á máa gbó, àlejò tó ń kọjá á sì béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta wá síbí.

Lọ́jọ́ tí Tíṣà wọlé wá, ojú Tìmùtìmù là. Ìyẹn nìkan tó ìyanu.

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìsàlẹ̀ òpópónà. Ó há tìmùtìmù gígùn kan sí abíyá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ẹni tẹ́ aláìsàn síwájú dókítà. Ojú rẹ̀ ti jin kòtò kòtò, fóòmù inú rẹ̀ ti ń yọjú síta.

"Àǹtí, eku wo ló jẹ èyí?" ni Tìmùtìmù wí. "Ẹ bá mi mú un wá, màá gbà á síṣẹ́."

"Kì í ṣe eku." Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Eékún bàbá mi ni."

"Eékún?"

"Eékún bàbá mi, ti màmá mi, àti tèmi. Orí ẹ̀ la ti ń gbàdúrà ìdájí láti kékeré mi."

"Ojoojúmọ́?"

"Ojoojúmọ́."

"Tí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ìta gbangba la ti ń gbà á ni?"

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan já lulẹ̀ gbì nínú Tìmùtìmù, bí ìgbà tí àpò símẹ́ǹtì bá já látorí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó tún tìmùtìmù náà ṣe, ó fúnra rẹ̀ fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó fi ń kó àga kiri gbé e lọ sílé wọn. Ọjọ́ kejì ó padà lọ, ó ní òun gbàgbé abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá fóòmù náà ti jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń kọ òun lóminú. Aláìsàn gan-an kì í rí àbẹ̀wò tó bẹ́ẹ̀. Màmá Tíṣà ló ń ṣílẹ̀kùn, á ní, "Ṣé ara tìmùtìmù wa ò tíì yá ni?" Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á sì kọjú sẹ́yìn pe ọmọ rẹ̀.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí ilé ìwé bá jáde, Tíṣà á yà ní ṣọ́ọ̀bù, á jókòó sórí àga tí wọn ò tíì fi awọ bò, á máa ròyìn àwọn ọmọ rẹ̀. Tìmùtìmù á máa pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan Tíṣà bi í pé, "Ìwọ náà ń gbàdúrà láràárọ̀, àbí?"

"Èmi kẹ̀?" ni Tìmùtìmù dáhùn. "Tí mo bá ti pe Olúwa, ó parí."

Òótọ́ ni. Tó bá ti kúnlẹ̀ tó pe "Olúwa," oorun ló máa ń dáhùn. Ó máa ń dùn ún. Ọjọ́ Ìsinmi kan ò lọ kó má pinnu ní ṣọ́ọ̀ṣì pé láti ọ̀la lọ, òun á máa jí ka Bíbélì. Ọjọ́ Ajé á dáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun á mẹ́hẹ. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, Bíbélì á ti di ìrọ̀rí.

Àbúrò bàbá Tíṣà ni alárinà wọn. Irun ló ń ṣe, Àǹtí Onírun ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tó fi ń gé etí irun lọ. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Tìmùtìmù tòun ti kóòmù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò kọ̀ ẹ́," ó ní, "ṣùgbọ́n kò tíì gbà ẹ́."

"Kí ni mo ṣe, Àǹtí?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó bí i nínú gan-an nìyẹn. Ó ní kóo wá."

Bàbá Rélùwéè ni wọ́n ń pe bàbá náà, torí òun ló ń sé ọ̀nà mọ́ mọ́tò nígbàkígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó jókòó ṣánṣán bí ọ̀pá tó ń sọ kalẹ̀ nígbà náà.

"Wọ́n ní o ń dápàárá," ó ní. "Ìyẹn ò burú. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé o máa ń dé?"

"Dé ibo, sà?"

"Ibi tóo bá ní ò ń bọ̀."

Tìmùtìmù fẹ́ dápàárá, ó wo ojú bàbá náà, ó gbé àpárá náà mì.

"Ọ̀pá kan ni gbogbo iṣẹ́ mi," ni bàbá náà wí. "Kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n gbé e sókè. Ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n sùn lọ́jọ́ kan péré, òkú la ó máa ṣà. Bí mo ṣe mú àdúrà náà nìyẹn. Kì í ṣe ariwo ẹ̀. Kí èèyàn wà níbẹ̀ ni. Wá máa bá wa kúnlẹ̀. Tó bá ti mọ́ ẹ lára, mú ọmọ mi lọ, mi ò ní bi ẹ́ léèrè nǹkan mìíràn."

Inú Tìmùtìmù dùn débi pé ó rán àyè tirẹ̀ mọ́ tìmùtìmù náà lọ́wọ́ kan, ó ki ojúlówó fóòmù sí i, ó wú bí búrẹ́dì. Ìdájí ọjọ́ kìíní, ó dé. Bàbá Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́ pé ilẹ̀ mọ́ ni nígbà tí ìhanrun gba gbogbo yàrá. Fóònù tó wà lórí àpótí, èyí tí ọmọbìnrin wọn àgbà máa ń gbà bá wọn gbàdúrà láti ọ̀nà jíjìn, pariwo pé, "Bàbá, ta ló ń fọ́ igi nínú ilé?" Màmá ló rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi bo Tìmùtìmù.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹni tó sùn níwájú Ọlọ́run, ibi tó dáa ló ṣáà sùn sí."

Láti ọjọ́ yẹn, ìjà bẹ̀rẹ̀. Tìmùtìmù ki ẹsẹ̀ bọ korobá omi sùn. Omi náà gbóná kó tó jí. Ó fi ata pa ètè. Ó lá a lójú oorun. Ó tẹ́ ìṣó sórí ibùsùn, ó sì sùn lórí ìṣó bí ọmọ ọba, nígbà tó jí, ìṣó ló tẹ̀. Bó bá dé lónìí, kò ní dé lọ́la. Ó máa ń kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, á ní, "Olúwa, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n..." Ohun tó máa tún gbọ́ ni ariwo àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé.

Àǹtí Onírun tún lọ bẹ̀bẹ̀. Ó ní ṣebí ọmọ wọn àgbà ń gbàdúrà lórí fóònù, kí àna náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀. Bàbá Rélùwéè fajú ro, ó gbà. Kò pẹ́ tí ìhanrun tún bẹ̀rẹ̀ sí í tinú fóònù jáde. Tíṣà wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó.

"Bàbá mi ní tóo bá tún sùn, kí n gbàgbé ẹ."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo wí?"

"Kí ni mo fẹ́ wí? Ó rẹ̀ mí láti máa sọ pé ọ̀la lo máa dé." Ó nu ojú. "Ṣé o ò lè ṣe é ni, àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́. Ọlọ́run gbọ́, mo fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. N ò kàn..."

Ẹ̀rù yẹn ló bí ọgbọ́n. Fóònù méjì ni Tìmùtìmù ní. Ó ṣètò ọ̀kan kó máa gbé ìpè fúnra rẹ̀. Èkejì, èyí tó máa ń dún láti jí i, ó yọ ìró agogo inú rẹ̀ kúrò, ó fi ohùn ara rẹ̀ sí i: "Àmín!" Á dákẹ́ díẹ̀, á húkọ́, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa!" Á tún dákẹ́, á ní, "Àmín o! Halelúyà!" Ó gbé fóònù méjèèjì kọjú síra wọn lórí ìrọ̀rí. Fóònù tó yẹ kó jí i ló wá ń bá a gbàdúrà, òun á sì máa sùn lọ láàárín wọn bí ọmọ ìkókó.

Ó fi ọjọ́ kìíní ṣe àwàdà. Ó ní òun á dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dùn jù. Bàbá Rélùwéè ń kí i lójú pópó, ó ń pè é ní ọmọ mi. Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Màmá ní, "Àmín ẹ yẹn ló ń la ojú mi láràárọ̀." Tíṣà sì ń wò ó bí ẹni pé ó gbé òkè kan kúrò lójú ọ̀nà.

"N ò mọ̀ pé o lè ṣe é," ó wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó gbé orí lé e léjìká. "Mo ti ń ṣiyè méjì nípa ẹ. Má bínú."

Tìmùtìmù la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ó là á gan-an. Àwàdà ló jáde. Tíṣà rín ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì gún un ju gbogbo ìṣó orí ibùsùn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń súfèé nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Àǹtí Onírun já wọlé. Kò wọ bàtà. Ìlàjì orí rẹ̀ ló dì, ìlàjì wà ní gbalasa.

"Níbo lo wà?"

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Orí yìí, ṣé afẹ́fẹ́ ló..."

"Mo ní níbo lo wà!"

Ó rí ojú rẹ̀, súfèé gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lórí eékún níbi àdúrà. Ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi pariwo sí ẹ nínú fóònù, ó ní ṣé ọkọ̀ akẹ́rù ẹ wà ńlẹ̀. O ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa.' Ó ní kóo máa bọ̀ kíákíá. O ní, 'Àmín o.' Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu géètì, wọ́n ń retí ẹ. Aládùúgbò wọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dá mọ́tò dúró, ó ní kí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, ẹ ṣeun, àna mi ń bọ̀, ó ti dá mi lóhùn. Mọ́tò lọ! Wọ́n dúró títí oòrùn fi yọ! Níbo lo gbà lọ? Ṣé jàǹbá lo ní ni? Sọ fún mi pé o ní jàǹbá."

Àpò Tìmùtìmù ló dá a lóhùn. Fóònù náà, tó máa ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí èèyàn ò bá pa á, gbẹnu sókè láti inú ṣòkòtò rẹ̀: "Àmín!" Ó húkọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa!"

Àǹtí Onírun wo àpò náà. Ó wo ẹnu Tìmùtìmù tó pa dé.

"Àmín o! Halelúyà!" ni àpò náà wí.

Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ fi ọwọ́ bo ẹnu náà. Ó yíjú, ó lọ.

Ní ọsibítù, Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì igi lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan. Dókítà ti ní rọpárọsẹ̀ ni, pé Màmá ò ní kú, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n tètè gbé e dé, nǹkan tó máa bàjẹ́ ò ní pọ̀ tó báyìí. Tìmùtìmù kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì.

"Oorun ni," ó ní. "Oorun ló..."

"Oorun kọ́." Ohùn Tíṣà ò ga rárá. "Ká ní o sùn, tóo sì dákẹ́, bàbá mi ì bá wá mọ́tò mìíràn. Oorun tóo ń sùn ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ìdáhùn ẹ ló ṣe wá."

Ó dìde, ó wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà rọra padé fúnra rẹ̀, bí ilẹ̀kùn ọsibítù ṣe ń ṣe.

Ẹ máa rò pé láti ọjọ́ náà Tìmùtìmù ò sùn mọ́. Èmi náà ì bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó búra fún Ọlọ́run lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun á jí ní ìdájí gbàdúrà fún Màmá. Ó kúnlẹ̀. Ó sunkún débi pé ibùsùn tutù. Ó sì sùn lọ. Nígbà tó jí tó rí oòrùn lára ògiri, ó gbá ara rẹ̀ létí, ó tún gbá a. Etí dùn ún, oòrùn ò padà.

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá délé, ó ṣe àga kan. Kò ṣe irú rẹ̀ rí: ó ga lẹ́yìn, ó rọ̀ lápá ibi tí ara Màmá ti kú, kò ní jẹ́ kó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e lọ. Bàbá Rélùwéè ló ṣílẹ̀kùn. Kò lé e, kò sì kí i. Wọ́n gbé Màmá sínú àga náà, ó sì bá a mu wẹ́kú. Tìmùtìmù rí tìmùtìmù ìkúnlẹ̀ tí wọ́n gbé ti ògiri. Ibi tí àwọn yòókù ti ń kúnlẹ̀ ti ń jìn padà. Tirẹ̀ ṣì wú bí búrẹ́dì.

Ó kúnlẹ̀ níwájú àga. "Màmá, èmi ni. Èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ dúró pẹ́. Mo tan yín jẹ. Ṣé ẹ lè dárí jì mí?"

Màmá gbójú sókè wò ó. Ètè rẹ̀ wárìrì.

"Àmín," ó ní.

Omijé bọ́ lójú Tìmùtìmù. "Ẹ ti dárí jì mí, Màmá?"

"Àmín."

Tíṣà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ẹ̀. Bi í bóyá ebi ń pa á."

Tìmùtìmù ò bi í. Ó tún wo ojú Màmá, ó ń wá ẹ̀rín àtijọ́ níbẹ̀, èyí tó máa ń fa omi lójú. "Àbí inú yín ò dùn sí mi, Màmá? Àbí kí n má wá mọ́?"

"Àmín," ni Màmá wí, ó sì fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ di apá àga náà mú.

Tíṣà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n mú ti kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́.

"Ṣé kí n máa retí ẹ?" ni Tìmùtìmù béèrè.

"N ò mọ̀."

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?"

"Ìyẹn kọ́ ni wàhálà. Ìfẹ́ ò lọ, ì bá lọ kí n sinmi." Ó wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pè ẹ́, o máa dáhùn."

Ìdájí ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Tìmùtìmù jí. Òun náà ò mọ ohun tó jí i. Kò mú fóònù kankan. Ó rìn nínú òkùnkùn tó ń ṣí lọ dé iwájú ilé wọn, kò kanlẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì lásán. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá náà nínú ilé, pé kí Olúwa jẹ́ kí ọwọ́ yìí tún lè di ṣíbí mú. Ó gbọ́ "Àmín" Tíṣà. Ó gbọ́ ti ọmọ wọn àgbà nínú fóònù. Ó gbọ́ ti Màmá, tó kẹ́yìn, tó falẹ̀.

Òun tí ìhanrun rẹ̀ ń mi òrùlé, ó wá ohùn títí. Èyí tó rí, ojú á ti ẹ̀fọn láti máa fi kùn. "Àmín," ó ní. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Lẹ́yìn náà, oorun dé. Ó dé jẹ́jẹ́ bó ṣe ń dé látijọ́, bí ọ̀rẹ́ tí èèyàn ò lè kọ̀. Tìmùtìmù gé ètè jẹ, ó tajú mọ́ ilẹ̀kùn. "Olúwa," ó ní, "jọ̀ọ́, jẹ́ kí n..."

Oòrùn ló jí i. Ó ti ga. Ilẹ̀kùn wà ní títì, gbogbo ilé dákẹ́. Ohun kan rọ̀ lábẹ́ orí rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ kàn án, ó mọ òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́: tìmùtìmù ìkúnlẹ̀ ni, wọ́n sì ti yí i kí orí rẹ̀ lè bọ́ síbi tó wú.

Ta ló gbé e síbẹ̀? Kò mọ̀. Ṣé wọ́n ń sọ pé kó wọlé ni, àbí wọ́n ń sọ pé ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn? Ìyẹn náà ò yé e. Ó kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó há tìmùtìmù náà sí abíyá, bí Tíṣà ṣe gbé e wá ní ọjọ́sí, ó lọ dúró lẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti dúró dè é, ó sì ń retí wọn.